Àdá Tí A Kì í Nù

Ṣáà, ṣáà, ṣáà. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Bàbá mi á jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Onígbòǹgbò, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì há òkúta mọ́lẹ̀, á wọ́n omi díẹ̀ sí i, á wá máa pọ́n àdá. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè tó ṣáájú Sọ́ńdè Imọ̀-Ọ̀pẹ ni. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ láti Ìlúpéjú, òórùn ọ̀dà tí wọ́n ń pò níbi iṣẹ́ wọn ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Kò ní í jẹun, kò ní í wẹ̀, àfi kí àdá yẹn kọ́kọ́ mú débi pé tó bá fi ra apá rẹ̀, irun á bọ́.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti kúrò nílé. Mo ti di arúgbó sí Kánádà, níbi tí ìdákẹ́jẹ́ ti pọ̀ ju ariwo lọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tí orúnkún bá ń ro mí, tí mo dùbúlẹ̀ tí dídìde ò wù mí, ṣáà-ṣáà yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Èkìtì ni Bàbá ti wá. "Ulé" ló ń pe ilé títí ó fi kú, Èkó ò rí ìyẹn yí padà lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò tó gbìn sí àgbàlá wa ló ti dá ìjọ Aládùúrà rẹ̀ sílẹ̀, èèyàn mẹ́jọ péré. Nígbà tí ilé gba gbogbo ibi tí ọ̀pẹ wà ládùúgbò, tí imọ̀-ọ̀pẹ wá ṣọ̀wọ́n, ó ní kí a máa fi ẹ̀ka máńgòrò kún un. Ilé méje nínú ìjọ ló ní igi máńgòrò. Ní Sátidé, wọ́n á gbé àdá lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n á ta òróró sí i, a ó sì máa ti ilé dé ilé pẹ̀lú orin, láì wọ bàtà, a ó máa gé ẹ̀ka kan lára igi kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà. A kì í nu àdá náà títí a ó fi dé ilé keje. Ẹni tó bá nù ún ti nu ìbùkún dànù. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí.

Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yìí, ohùn Bọ́sẹ̀dé wọlé sórí Wásáàpù mi. Àbúrò mi obìnrin ni, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń gbé inú ilé Bàbá.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ o, àbí ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ yín? Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ igi máńgòrò yìí ti kọjá agbára mi. Tilé Wòlíì Moses ti kú pátápátá, tiwa náà ti ń lọ. Márùn-ún ni o, márùn-ún nínú méje. Aríran kan wá dìde ní Wẹ́sìdeè tó kọjá, ó ní òun rí ọwọ́ arúgbó kan tó di ìgbálẹ̀ mú, bó ṣe ń gbá ilẹ̀ ni ewé ń rọ. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ mọ ibi tí gbogbo ojú yí sí."

Mo mọ̀ ọ́n. Àǹtí Tinúọlá ni. Wọ́n ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé wa ni Bàbá fún wọn nígbà tí ọkọ wọn kú, wọn ò bímọ. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé. Láti ìgbà yẹn, ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó jí, wọ́n ti ń gbá abẹ́ igi náà. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Wọ́n ní ibi tí a ti ń pe orúkọ Ọlọ́run, ewé gbígbẹ ò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé ṣì ń sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní tí kò bá níṣẹ́ ibi kan lọ́wọ́, kí ló ń bá igi sọ lójoojúmọ́ kí ojú tó mọ́? Wòlíì Moses ò fẹ́ ìjà, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ilé ẹ̀yin àkọ́bí ni, ọ̀rọ̀ yín làwọn máa tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí bá kọjá tí ẹ ò sọ nǹkan kan, kí Àǹtí kó ẹrù wọn. Wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ o, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ lọ kàwé igi. Ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

Ó fi fọ́tò mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ṣónṣó ẹ̀ka ló kọ́kọ́ gbẹ, ewé ibẹ̀ ti pọ́n, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, kò já bọ́. Èèpo igi ti sán. Ní ibi tí wọ́n ti gé ẹ̀ka kan nígbà kan rí, oje dúdú ń ṣàn wálẹ̀ bí omijé ẹni tó lé tìróò. Mo wo ojú ibi tí wọ́n gé yẹn pẹ́. Mo da fóònù dojú dé, mo lọ gbé omi tíì kaná, mo sì gbàgbé rẹ̀ lórí iná.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú lábù níbí. Olu ni. Kì í ṣe èyí tí à ń sè, ẹbí rẹ̀ tí ojú lásán ò rí ni, irú èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Méjì ni mò ń wò, wọ́n dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àbúrò ń gbé lórí ewé, á ta àmì dúdú sí i lára, ewé á já bọ́, igi ò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé nǹkan ṣe òun. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ń wọ inú igi lọ, á máa jẹ ẹ́ láti inú, títí omi ò fi ní í lè gun òkè dé ẹ̀ka mọ́. Bí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ẹ ò lè mọ èyí tó burú. Jíìnì ni ìyàtọ̀ wọn.

Ẹni tó bá ti wọ ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú rí á ti rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ: bí a ṣe ń tàn án, bí a ṣe ń pa á, ohun tó wà fún. Jíìnì dà bí bébà yẹn. Ó wà nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, òbí ló ń dà á kọ fún ọmọ. Olu tó ń pa igi ní àwọn bébà kan tí àbúrò rẹ̀ kò ní. Ọ̀kan ń kọ́ ọ bí yóò ṣe po omi tó ń sọ igi líle di ẹ̀kọ. Òmíràn ń kọ́ ọ bí yóò ṣe pa agbára oje kíkorò tí igi fi ń gbèjà ara rẹ̀. Òmíràn tún wà tí kì í jẹ́ kí igi tètè fura pé àlejò ti wọlé. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé àwọn kan nínú bébà náà kì í ṣe ogún ìyá rẹ̀. Ara olu mìíràn ló ti rí wọn gbà, bí òṣìṣẹ́ ṣe ń yọjú wo iṣẹ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yẹn náà, ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ò lè gba èèpo igi tó dá pé kọjá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wá. Afẹ́fẹ́ lè ṣẹ́ ẹ̀ka, kòkòrò lè lu ihò. Tàbí kí èèyàn gbé àdá.

Ọdún 2019 ni mo lọ sílé gbẹ̀yìn, nígbà tí a ṣe ìrántí ogún ọdún tí Bàbá ti kú. Ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Imọ̀-Ọ̀pẹ. Moses, tó di wòlíì ìjọ lẹ́yìn Bàbá, gbé àdá náà lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ. "Dádì, àkọ́bí ló ni í." Sùtánà tí wọ́n wọ̀ fún mi ń wọ́ nílẹ̀, àwọn ìyá ìjọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi tó ti mọ bàtà fún àádọ́ta ọdún ń jó mi lórí kọnkéré.

Ilé Moses la kọ́kọ́ dé. Igi náà ti ń ṣàìsàn. N kò lè sọ pé n kò rí i. Mo gé ẹ̀ka tí wọ́n nàka sí, inú rẹ̀ sì dúdú yí po bí ìdí ìkòkò. Lábẹ́ sùtánà, nínú àpò ṣòkòtò mi, ìgò sánítáísà kékeré kan wà tí mo rà ní pápákọ̀ òfurufú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó láti pa olu tó wà lójú àdá. Ní lábù wa, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá ò jẹ́ fi ọ̀bẹ gé igi kan kó tún fi gé òmíràn láì nù ún. Èmi ni mo ń kọ́ wọn.

Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò. Mo bojú wẹ̀yìn. Orin ń lọ lọ́wọ́, Bọ́sẹ̀dé ń sunkún ayọ̀. Mo ro ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi: òyìnbó ti gba ọkàn Job, ó nu òróró Bàbá rẹ̀ dànù lójú wa. Mo yọ ọwọ́ jáde ní òfìfo. Ó di ilé kejì. Ó di ilé kẹta, tiwa, igi tí wọ́n bí ìjọ sí abẹ́ rẹ̀. Ó di ìkẹrin. Bí mo ṣe gé ti ìkarùn-ún tán, òjò dé, gbogbo wa sá wọlé, a ò sì dé ilé kẹfà àti ìkeje mọ́. Lọ́dún kejì, kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà yẹn, imọ̀-ọ̀pẹ ni wọ́n ń rà, àdá sì wà lára ògiri.

Mo pe Bọ́sẹ̀dé ní Túsìdeè.

"Olu ni," mo ní.

"Olu kẹ̀? Èyí tí à ń sè?"

"Ẹbí rẹ̀ ni. Ó ń wọlé láti ojú ọgbẹ́…"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ rọra. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá Praimárì Fọ́ọ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ wọn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nǹkan."

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti bébà ara ẹ̀rọ, mo sọ ti oje kíkorò. N kò sọ ti ìgò inú àpò. Ó dúpẹ́, ó ní òun ń lọ bá ìjọ ní ìpàdé Wẹ́sìdeè. Nígbà tó máa pè padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo sọ fún wọn o. Mo tiẹ̀ ya igi sára bọ́ọ̀dù. Wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ó dáa, olu ni, àwọn gbà. Ta ló wá rán olu?"

"Kò sẹ́ni tó rán an."

"Ẹn-ẹ́n, bí mo ṣe sọ náà nìyẹn. Ọlárónkẹ́ wá dìde, ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Ó ní, 'Tísà, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Ta ló ní kó jẹ ọmọ tèmi, kó fi tẹ̀yin sílẹ̀?' Igi márùn-ún gbẹ, méjì dúró digbí. Wọ́n ní olu ò lè máa fúnra rẹ̀ ṣa ilé."

Mo mọ ẹni tó ṣa ilé.

"Ẹ ṣì wà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Ó ti rẹ̀ mí ni."

"Ó ti rẹ gbogbo wa. Wọ́n ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí, wọ́n ní kí Wòlíì gbàdúrà sí i."

Mo jókòó ti fóònù ní Tọ́sìdeè. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí ìjọ, mo pa á rẹ́. Mo kọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti lo irinṣẹ́ tí kò mọ́. Mo wo "ẹnìkan" yẹn títí, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ pé òfin Bàbá wa, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, ló fa á. Ìyẹn rọrùn díẹ̀, òkú kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rántí bí Bàbá ṣe máa ń jókòó lórí àpótí yẹn láì tíì jẹun, mo sì pa òun náà rẹ́.

Ní Fúráìdeè, mo ní kí Bọ́sẹ̀dé gbé fóònù fún Àǹtí Tinúọlá.

"Job! Ìwọ nìyẹn? Ṣé o ti rí olu kan tó ṣeé jẹ nínú gbogbo èyí tí ò ń wò?"

"Ẹ káàsán mà. N kò tíì rí i o."

"Láti àádọ́ta ọdún! Àwọn tó ń dúró de ọbẹ̀ ẹ á ti sùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

"Kí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, mà?"

"Mò ń di ẹrù. Báàgì kan ni mo ní kí wọ́n bá mi rà, kò tíì kún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ò kún báàgì kan, o ò rí ayé."

"Níbo lẹ máa lọ?"

"Shukurat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Agége. Yàrá kan, èèyàn mẹ́fà. Ó ní kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń fà. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀."

"Ṣé inú ń bí yín sí wọn?"

"Agbára ìbínú dà? Èmi ni mo gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pọ̀n. Ohun tó ń dùn mí ni pé ewé ti kún abẹ́ igi láti àná, kò sẹ́ni tó gbá a. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀."

Mo bi wọ́n nípa òfin àdá. Àwọn nìkan ló kù nínú èèyàn mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ. Mo ní, ìran wo ni Bàbá rí tí wọ́n fi ní kí a má nù ún?

Wọ́n pariwo ẹ̀rín. "Ìran? Ìran wo? Joseph mà ni! Joseph gbọ̀gbọ̀rọ̀ tó máa ń dá orin. Ó ní òun fẹ́ fi etí sùtánà nu àdá, àdá tí bàbá ẹ ti pọ́n lọ́sàn-án lóru, ló bá ya ìka méjì. Ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ funfun. Bàbá ẹ bínú, wọ́n ní, 'Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ nu àdá yìí mọ́ títí a ó fi padà d'úlé!' Tán. Nígbà tí Joseph kú, tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá di ìbùkún. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ tẹnu arúgbó?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ìka Joseph ni mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí.

"Àǹtí," mo ní, "èmi ni mo gbé àrùn igi yẹn dé ilé mẹ́rin mìíràn. Mo rí i lára igi Moses. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ohun tí mo lè fi nu àdá nínú àpò mi."

Mo gbọ́ ọkọ̀ tó ń fọn fèrè lójú títì, mo gbọ́ Bọ́sẹ̀dé tó ń fi ṣíbí ro nǹkan nínú ìkòkò.

"Nǹkan tí ọwọ́ ẹ ń wá lábẹ́ sùtánà nìyẹn? Mo rí ẹ o. Mo sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé Job fẹ́ fún wa ní dọ́là, pé ó tún ti yí ọkàn padà."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Tèmi rọrùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ní mo fi èdè tàn ẹ́ ni. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o sọ ọ́. Kó o tètè sọ ọ́ o, báàgì yìí ti fẹ́ kún."

Lónìí Sátidé, òjò ń rọ̀ níbí, òjò tútù tí kì í pariwo. Mo ti jí láti ìgbà tí ojú ti mọ́. N kò wá ọ̀rọ̀ dídùn. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò pa á rẹ́, mo fi í ránṣẹ́ sí ojú ìwé Wásáàpù ìjọ, níbi tí gbogbo wọn á ti rí i:

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àlàáfíà fún yín. Èmi ni Job, àkọ́bí Bàbá. Ẹ ti bi Bọ́sẹ̀dé pé ta ló rán olu tó ń pa igi. Kò sẹ́ni tó rán an, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbé e, èmi sì ni. Ní Sátidé Imọ̀-Ọ̀pẹ ọdún 2019, mo gé igi ilé Wòlíì, mo rí i pé ara rẹ̀ ò yá, mo mọ irú àrùn tó ń ṣe é, mo sì fi àdá kan náà gé igi mẹ́rin mìíràn. Ẹ rántí ibi tí òjò ti lé wa. Gbogbo ibi tí mo dé kí òjò tó dé ló gbẹ. Ilé méjì tí òjò ò jẹ́ kí n dé, igi wọn ṣì tutù. Ohun tí mo lè fi nu àdá wà nínú àpò mi. Ojú yín ló tì mí. Àǹtí Tinúọlá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí ìran bá fi ọwọ́ arúgbó hàn yín, èmi náà ti di arúgbó, ẹ wo ọwọ́ tèmi. Yàrá tí wọ́n wà ni wọ́n máa wà, mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ilé. Ẹ dá ìgbálẹ̀ wọn padà fún wọn lónìí. Ẹ ti àdá yẹn bọ iná kó pọ́n kí ẹ tó fi kan igi kankan, ẹ gé ibi tó ti gbẹ, ẹ sun ún. Bàbá mi ò ní í bínú sí ẹni tó bá nù ún, ìka Joseph ni wọ́n ń dáàbò bò, ẹ bi Àǹtí. Bí ẹ bá sì gbọdọ̀ yọ orúkọ ẹnìkan kúrò nínú ìwé ìjọ lọ́la, tèmi ni kí ẹ yọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnìkan ka èyí sí Àǹtí létí kí wọ́n tó di báàgì náà pa, ojú wọn ò lè ka ìwé fóònù."